Ọ̀fìnkìn ológbò tí kì í lọ bọ̀rọ̀: sùúrù àti ìtọ́jú ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ

Àwọn àgbà Yorùbá ló sọ ọ́ pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Ẹni tó ń ta oúnjẹ lọ́jà, tàbí tó kó ẹ̀wà, àgbàdo àti èlùbọ́ pamọ́ sínú yàrá, mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju ẹni tó kàn ń fi í dárà lọ. Òru ọjọ́ kan péré ti tó fún èkúté láti lu àpò ẹ̀wà méjì kí ó sì tọ̀ sórí ẹ̀kẹta, kí oníṣòwò dé láàárọ̀ kí ó káwọ́ lérí. Ìdí nìyí tí ológbò fi ní ààyè tirẹ̀ nínú ilé Yorùbá, àní lọ́dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn tó ń sọ pé ẹran àwọn àgbà òru ni. Wọ́n a máa bẹ̀rù rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n a máa sìn ín.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bí àgùntàn bá ń ṣàìsàn, ẹni tó ni ín a wá ẹni tí yóò wò ó. Bí adìẹ bá ń tòògbé, wọ́n a po oògùn mọ́ omi rẹ̀. Ológbò nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ pẹ̀lú àìsàn rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun fúnra rẹ̀ mọ koríko tí yóò jẹ tí ara rẹ̀ yóò fi yá. Bí ó bá sín lónìí, wọ́n a fi rẹ́rìn-ín. Bí ó bá wá ń sín títí tí oṣù fi lé, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tí ìpin lẹ̀ ẹ́ lójú pa, wọ́n a ní kí wọ́n lọ gbé e jù sí etí igbó. Láàrin ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́ àti etí igbó yìí, ìtọ́jú wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀.

Ìyá kan ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Èkó àti Àbújá, àwọn tó kù tí wọ́n jọ ń gbélé kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan lọ, àti ológbò aláwọ̀ dúdú òun funfun kan tó ti fi ọdún mẹ́rin ṣọ́ yàrá tó ń kó ọjà sí. Ní àkókò òjò ọdún kan, ìyá náà kó kúrò nínú ilé tó ń gbé nítorí pé omi ń ya wọlé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dé ilé tuntun tí ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

Ìyá náà ní òtútù ni, pé yóò lọ. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún padà. Ó lọ sí kẹ́míìsì ìtòsí, wọ́n fún un ní kápúsù, ó ń tú u sórí ẹja fún ológbò. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹranko náà jẹun díẹ̀, ìyá náà sì dá oògùn dúró. Ó kù díẹ̀ kí oṣù pé, ikun tún dé, ó ti wá ki, ó sì ti di àwọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti ń ṣá. Kẹ́míìsì yí oògùn padà. Wọ́n tún yí i padà lẹ́ẹ̀kẹta. Ní oṣù kẹta, ológbò tó máa ń fò láti orí àpò dé orí àpò ti di ohun tó ká kò sí ìdí ògiri, ó ń mí bí ẹni tó ń fọn fèrè tó dí. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Obìnrin kan nínú ilé wí gbangba pé, “Màmá, ẹ dákun, ẹ gbé nǹkan yìí kúrò láàrin wa o. Ológbò kì í ṣe òtútù lásán.” Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìyá náà gbé àpò ẹ̀wà kan, ẹ̀wà sì ń dà sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Èkúté ti gbọ́ pé ọlọ́dẹ ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ tí ológbò kò jẹ nǹkan kan rárá, ìyá náà fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná. Ó mú Panadó kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ọlọ́run ló yọ ọ́, nítorí pé dókítà ẹranko kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, wá gún ajá onílé ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ-ọmọ ìyá náà sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yà wo tiwọn.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Màmá, kí lẹ mú lọ́wọ́ yẹn?”

“Panadó ni, ọmọ mi. Ara rẹ̀ ló gbóná. Ìlàjì péré ni mo fẹ́ fún un.”

“Ẹ má fún un rárá, mà. Ìlàjì yẹn tó láti pa á.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọmọkùnrin náà sọ. Oògùn parasitamọ́ọ̀lù tí ènìyàn ń lò sí orí fífọ́, májèlé gidi ni fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn ní ohun tó fi ń tú oògùn náà ká kí ó tó jáde lára, ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní in tó. Oògùn náà a wá yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà tí kò fi ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara mọ́. Èrìgì rẹ̀ a di àwọ̀ ilẹ̀, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, mímí a sì di ogun. Ológbò tí òtútù kò bá pa, Panadó lè pa á láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti gbé e mì, ilé ìwòsàn ẹranko ni kí ó gbé e sáré lọ, nítorí oògùn tó lè pa oró náà wà bí wọ́n bá tètè dé.

Ohun tí dókítà náà ṣàlàyé fún ìyá yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sin ológbò mọ̀. Fáírọ́ọ̀sì méjì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ọ̀fìnkìn ológbò. Èkínní ni herpesvirus ti ológbò, èkejì ni calicivirus. Àwọn onímọ̀ ti rí calicivirus yìí lára ológbò ní New Zealand ní 1957, wọ́n sì rí herpesvirus ní Amẹ́ríkà ní 1958. Kì í ṣe àìsàn àwọn àgbà òru, kì í sì í ṣe òtútù òjò. Láti ara ológbò kan dé ara èkejì ló ń ràn, nípa ikun, itọ́, ìpin ojú, abọ́ oúnjẹ tí wọ́n jọ ń lò, àti ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ kan alárùn tó tún fọwọ́ kan aláìlárùn. Herpesvirus ló sábà máa ń mú kí ẹranko sín púpọ̀ kí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ó sì lè dá egbò sí ẹyinjú. Calicivirus ní tirẹ̀ a máa dá egbò sí ahọ́n àti ẹnu, itọ́ a máa dà, ẹranko mìíràn a tilẹ̀ máa tiro fún ọjọ́ díẹ̀. Bakitéríà náà wà tó lè dá irú àìsàn yìí sílẹ̀ tàbí kí ó gun orí èyí tó ti wà níbẹ̀.

Bí ara ológbò bá le, ọ̀fìnkìn yìí a máa tán láàrin ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, kí ló dé tí ti àwọn kan kì í lọ? Ìdí méjì ló gbòòrò jù.

Ìdí kìíní ni pé herpesvirus kì í kúrò lára mọ́ bí ó bá ti wọ̀ ọ́. Bí ikun bá gbẹ, fáírọ́ọ̀sì náà a lọ ba sí ìdí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti imú, a dákẹ́ síbẹ̀ bí olè tó ń retí kí onílé sùn. Ọjọ́ tí ìdààmú bá dé bá ẹranko náà, a jí. Ìdààmú ológbò kì í ṣe ohun ńlá lójú ènìyàn: kíkó ilé, ológbò tuntun tí wọ́n mú wọlé, ajá tó ń gbó mọ́ ọn, oyún àti ọmọ títọ́. Ó sábà máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdààmú náà kí fáírọ́ọ̀sì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, sísín a sì tẹ̀lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé tuntun ìyá ẹlẹ́wà nìyẹn, òjò kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Calicivirus ní tirẹ̀ kì í sá pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ológbò tó ti gbádùn lè máa tú u jáde fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀, àwọn díẹ̀ a sì máa tú u jáde títí ọjọ́ ayé wọn.

Ìdí kejì wà nínú imú fúnra rẹ̀. Àwọn eegun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ká bí ewé, tí ara wọn tutù, tó ń sẹ́ atẹ́gùn mọ́ kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí herpesvirus bá jà púpọ̀, pàápàá nígbà tí ológbò wà lọ́mọdé, ó lè jẹ àwọn eegun yìí bàjẹ́. Eegun tó bá ti bàjẹ́ báyìí kì í padà sí bó ti rí. Ikun a máa gbárajọ sí àárín wọn, bakitéríà a sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Imú bẹ́ẹ̀ dà bí ojú àgbàrá tí pàǹtírí ti dí: bí wọ́n tilẹ̀ kó o lónìí, òjò ọ̀la yóò tún gbé òmíràn wá.

Ẹni tó bá mọ ìdí méjèèjì yìí yóò mọ ìdí tí kápúsù kẹ́míìsì kò fi lè parí ọ̀rọ̀ náà. Bakitéríà ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń bá jà, kò lágbára lórí fáírọ́ọ̀sì, kò sì lè tún eegun imú ṣe. Ó ní ìgbà tó wúlò: bí ikun bá ki tó sì yí àwọ̀ padà, tí ibà wà, tí ẹranko kò sì jẹun. Ìmọ̀ràn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi síta ní 2017 ni pé ológbò tó ń sín ṣùgbọ́n tó ń jẹun tí kò sì ní ibà, kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá wò ó ná kí wọ́n tó ronú oògùn bakitéríà. Bí ó bá di dandan, doxycycline ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Síbẹ̀ oògùn yìí ní èèwọ̀ tirẹ̀: bí hóró tàbí kápúsù rẹ̀ bá há sí ọ̀nà ọ̀fun ológbò, a jó o, ojú egbò náà a sì fún ọ̀fun pọ̀ tí oúnjẹ kò fi ní kọjá. Omi díẹ̀ tàbí oúnjẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì ń lò ó fún ọjọ́ méjì tó ń dá a dúró, bakitéríà tó le jù ló ń tọ́ dàgbà.

Oògùn tó ń bá herpesvirus jà wà pẹ̀lú. Famciclovir ni èyí tí àwọn dókítà ń lò fún ológbò, ó sì wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé acyclovir tí ènìyàn ń gbé mì lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ó lè ba mùdùnmúdùn inú eegun níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá jẹ́ lára ológbò. Lysine tí wọ́n ti ń gbóríyìn fún láti ọjọ́ pípẹ́ náà kò já mọ́ nǹkan kan níbi ọ̀rọ̀ yìí; àwọn tó gbé gbogbo ìwádìí lórí rẹ̀ yẹ̀ wò ní 2015 rí i pé kò wúlò. Ìpara tó ń ta sánsán, tí wọ́n fi káńfọ̀ àti méńtólì ṣe, kò gbọ́dọ̀ kan imú tàbí àyà ológbò, nítorí yóò lá a kúrò lára, yóò sì di májèlé sí i nínú.

Kí ló wá kù? Ìtọ́jú ọwọ́ ló kù, òun náà ló sì pọ̀ jù nínú ìwòsàn. Dókítà náà kọ oògùn ọjọ́ mẹ́wàá fún ológbò ìyá ẹlẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé fún ìyá náà ju ti oògùn lọ.

Ó ní kí ó máa fi òwú tó rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu imú àti ojú ẹranko náà ní ẹ̀mejì tàbí ẹ̀mẹta lójúmọ́, nítorí ikun tó bá gbẹ a dí ihò imú, ìpin tó bá gbẹ a sì lẹ ojú pọ̀. Ó ní kí ó gbé omi gbígbóná sínú garawa tó ní ìdérí tó lu ihò, kí ó gbé e sí balùwẹ̀, kí ó ti ìlẹ̀kùn, kí ológbò wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ooru omi lè tú ikun náà. Kò gbọ́dọ̀ da aṣọ bò ó lórí omi bí wọ́n ti ń ṣe fún ènìyàn, nítorí ẹ̀rù yóò bà á, omi yóò sì bó o.

Oúnjẹ ló wá ṣe pàtàkì jù. Imú ni ológbò fi ń mọ ohun tí yóò jẹ. Èyí tí imú rẹ̀ bá dí kò gbọ́ òórùn, bí kò bá sì gbọ́ òórùn kò ní jẹun. Bí ológbò bá wà láìjẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá inú ara rẹ̀ a ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, a sì pa ẹ̀dọ̀ náà kú, pàápàá lára èyí tó sanra. Ebi lè ṣe bẹ́ẹ̀ pa ẹranko tí ọ̀fìnkìn kò pa. Nítorí náà, ẹja tó ní òórùn dáadáa ni kí wọ́n lọ̀ kúnná, kí wọ́n mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má ní ata, iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà, nítorí àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò tọ́ nǹkan kan wò, ilé ìwòsàn ló kù.

Ìyá náà ṣe gbogbo rẹ̀. Ó fi páálí ṣe ibùsùn fún un ní kọ̀rọ̀ kan tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ológbò lá omi ẹja. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, ó ti padà sínú yàrá ọjà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yọ̀, ó ní àìsàn ti tán. Dókítà tó yà wò wọ́n kò fẹ́ tàn wọ́n jẹ. Ó ní, “Màmá, kò ní lọ tán o. Bí ẹ bá kó ọjà tuntun dé, tí ariwo pọ̀, yóò tún máa sín.” Ìyá náà fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó ní, “Tèmi náà kì í lọ tán, ọmọ mi. Mo kàn mọ bí mo ṣe ń bá a gbé ni.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Ológbò náà a máa sín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá náà a gbé garawa omi gbígbóná, ọjọ́ mélòó kan a kọjá, ara rẹ̀ a sì balẹ̀. Kò tún sáré lọ sí kẹ́míìsì mọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ikun tó pẹ́ ni ti fáírọ́ọ̀sì. Bí ó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń dà, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bí imú tàbí ojú bá wú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè jẹ́ koríko ló há síbẹ̀, tàbí ìdí eyín tó ti jẹrà, tàbí ẹran tó hù sínú imú, tàbí jẹjẹrẹ pàápàá. Ojú tí ológbò dì tí kò fẹ́ là nílò dókítà kíákíá kí ó má bàa fọ́. Èyí tó ń la ẹnu mí, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ. Bí itọ́ bá sì ń dà lẹ́nu ológbò tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tó ń ta gìrì tàbí tó fẹ́ máa bu ènìyàn jẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí àrùn dìgbòlugi a máa mú ológbò bó ti ń mú ajá. Àwọn ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta, àti ní Yunifásítì Ìlọrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sin ológbò, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún fáírọ́ọ̀sì méjèèjì. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ológbò bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n a sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Àjẹsára náà kò ní kí àrùn má wọlé rárá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó le. Ológbò tuntun ní láti wà lọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó pàdé èyí tó wà nílé. Herpesvirus kì í tó ọjọ́ kan kí ó tó kú sórí ilẹ̀, calicivirus lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀; bílíìsì ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń fọ abọ́ àti ilẹ̀, kí wọ́n tó fi omi lásán ṣàn án. Kí ọkàn àwọn aládùúgbò sì balẹ̀, fáírọ́ọ̀sì méjèèjì yìí kì í ran ènìyàn.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ọ̀pọ̀ ológbò tí wọ́n ti gbé jù sí etí igbó kò tíì dé ibi ikú rárá. Imú tó dí, ebi, àti oògùn tí kò bá a mu ló kó wọn dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ológbò máa ṣọ́ àpò ẹ̀wà òun lóru, kí òun náà máa ṣọ́ imú ológbò lójúmọmọ.